Kámẹ́rà Ìjọba Ní Èmi Kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó mọ̀ mí láìwo kámẹ́rà! Halelúyà! Okun o, mo kí gbogbo ilé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Igbaruku ni mo ti ń ṣe tíṣà, ìyá mi sì wà ní Kabba níbí, tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti rọ. Mo bẹ̀bẹ̀ fún tìráńsífà títí. Wọ́n wá fọwọ́ sí i. Ògo ni fún Ọlọ́run! Àmọ́ inú í-meèlì ìjọba tuntun yẹn ni wọ́n fi ìwé náà sí, èyí tí kì í ṣí àfi tí kámẹ́rà bá wo ojú ẹni, tó sì gbà pé òun ni. Tí n kò bá fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí àyè mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà ni iléèwé tó yọ̀ǹda mi. Mo sáré dé ọ́fíìsì ìjọba tí kámẹ́rà náà wà. Mo wé gèlè, mo lé tìróò. Kámẹ́rà ní èmi kọ́. Mo ṣí gèlè. Èmi kọ́!

Akọ̀wé obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ lọ mú ẹni tó ni fọ́tò yìí wá."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ẹ̀yin ará, fọ́tò tí mo yà fún káàdì ìdánimọ̀ lọ́dún tí Bàbá Fúnmi kú ni! Àwọn obìnrin ilé ọkọ mi ti fá orí mi, ẹkún ti wú ojú mi. Opó yẹn nìkan ni ìjọba mọ̀.

"Èmi náà ni! Ọ̀fọ̀ ni mo ń ṣe nígbà yẹn!"

"Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, Mọ́mì, kì í ṣe èmi. Ẹ máa lọ tún fọ́tò ṣe ní Lọ́kọ́ja."

Lọ́kọ́ja, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ tilẹ̀kùn!

Ìyá mi pè lórí fóònù. "Okun, ọmọ mi. Ṣé o ti ń bọ̀?"

Mo bú sẹ́kún. Inú bí mi sí ìjọba, ó bí mi sí kámẹ́rà, kódà, kí Olúwa forí jì mí, ó bí mi sí Bàbá Fúnmi tó kú. Tìróò ń ṣàn, ojú wú.

Akọ̀wé pariwo, "Mọ́mì, ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má nu ojú!" Ó gbé kámẹ́rà sí mi.

Ó ṣí! Jésù, o ṣeun! Mo fèsì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń tì láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, ẹ má bọ́hùn. Ẹkún yín kò ní ṣòfò. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo ń sùn báyìí, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo sì ti lọ ya fọ́tò mìíràn. Ẹ̀rín ni mo rín sí i. Tí ìjọba bá tún ń wá mi, kí wọ́n wá mi níbi ayọ̀.