Òdòdó Ìyá Bọ́lá Tí Mo Ní Ó Ti Kú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun fún ọdún mélòó kan. Mo ti sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, ara sì tù mí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìlobù ni mò ń gbé. Ìyá Bọ́lá, ọmọ Ìfọ́n, ló wà nílé kejì sí tiwa nígbà náà. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló ra òdòdó kan fún un kó tó kú, ọ́kíìdì ni wọ́n ń pè é. Kì í hù nínú iyẹ̀pẹ̀. Èédú àti èèpo àgbọn ló wà nínú ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ da àárín Ìlobù àti Ìfọ́n rú, Ìyá Bọ́lá ń sáré kó lọ sílé ní Ìfọ́n. Ó gbé òdòdó náà lé mi lọ́wọ́.

"Àbẹ̀kẹ́, bá mi tọ́jú ẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, má fún un lómi púpọ̀ o."

Ẹ jọ̀ọ́, ìdílé àgbẹ̀ ni wá. Ohun tó bá ń gbẹ, omi la mọ̀ fún un. Ọyẹ́ dé, ewé rẹ̀ ń rẹ̀ dànù, mo bá ń bomi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ewé tán, ó ku ọ̀pá lásán.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Àfòmọ́ lèyí! Àdá la fi ń gé e lára igi obì, ìwọ ń fún un lómi mu. Jẹ́ kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀." Ó gbé e há ẹ̀ka igi ọsàn lẹ́yìn ilé.

Mo ránṣẹ́ sí Ìfọ́n pé ó ti kú. Wọ́n ní Ìyá Bọ́lá sunkún bíi pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá gbígbẹ yẹn tanná, elésè àlùkò, àárín rẹ̀ funfun. Àṣé kò kú, ó kàn ń sinmi lásìkò ọyẹ́ ni. Àwọn èèyàn ń yà wò ó. Mo ní ọwọ́ mi ló dára fún ọ̀gbìn. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo mọ ọ̀nà Ìfọ́n, n ò ránṣẹ́ padà. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi.

Nígbà tí ìlú rọ̀, Ìyá Bọ́lá wá kí wa. Mo yára fi aṣọ bo ẹ̀ka igi. Ó tún dúpẹ́ pé mo gbìyànjú. Ọpẹ́ yẹn gún mi.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé òdòdó náà lọ sí Ìfọ́n. Mo kúnlẹ̀. "Ìyá Bọ́lá, òdòdó yín ò kú. Irọ́ ni mo pa."

Ó fọwọ́ kan ọ̀pá náà. "Olè burúkú! O jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ọkọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì!" Ló bá ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Dìde jàre, kí orúnkún ẹ má bó."

Ó já ọmọ òdòdó kan tó hù lára ọ̀pá náà fún mi, ó ní n kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ó wà lójú fèrèsé wa báyìí. Àwọn aládùúgbò ń béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọkọ mi ní ẹni tí mo ṣẹ̀ ti dárí jì mí, ìyẹn tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ṣé ó tó?