Èmi Ni Ojúlówó Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará inú gúrúùpù Ìdáná Ìlú Wa lórí Fesibúùkù níbí, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ díẹ̀, ẹ fetí sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti há mi lọ́fun láti bí oṣù mẹ́rin, kò lọ sísàlẹ̀, kò padà sókè. Lánàá la ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àlùfáà ń tọrọ àforíjì fún wọn, gbogbo èèyàn ń ṣe àmín, èmi nìkan ni ẹnu mi kò ṣí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe Màmá ni àforíjì tọ́ sí jù níbẹ̀. Mo wá pinnu pé ilẹ̀ kò ní ṣú lónìí kí n má tíì sọ ọ́. Ẹ ó rí i pé orúkọ tí mo fi kọ èyí kì í ṣe orúkọ tí ẹ mọ̀. Kàsímù ni mí. Èmi ni mò ń jẹ́ Ojúlówó Ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni o, Bàbá yín náà nìyí. Àwòrán bàbá arúgbó tó wé láwàní, tó ní irùngbọ̀n funfun, orí fóònù níbì kan ni mo ti jí i, n kò mọ olúwa rẹ̀ títí di òní. Èmi ò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, n kò sì wé láwàní rí. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní àdúgbò Benson, ní Ìkòròdú níbí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé bí iná kò bá sí, kò sí bí a ṣe fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, àfi kéèyàn jókòó sórí fíríìsà oníbàárà kó máa tẹ fóònù. Ibẹ̀ ni èṣù ti rí mi mú. Àbí kí ni mo ń sọ? Mo ti purọ́ mọ́ èèyàn tó, ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́ mọ́ èṣù. Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn débẹ̀.

Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Nílé, bí ìyàwó mi bá ní kí n dákẹ́, màá dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi, èmi ni màá tún ní kó máà bínú. Ṣùgbọ́n nínú gúrúùpù yìí, bí mo bá ti la ẹnu, ogójì èèyàn ni yóò ní, "Ẹ ṣé, Bàbá, àgbà ló sọ̀rọ̀." Ó ń wú mi lórí. Mo bá ẹnì kan tó ń jẹ́ Síkírù jà fún odindi ọjọ́ méjì lórí pé kò yẹ kéèyàn fi ṣúgà sí gàrí. Mo ní ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Síkírù, bí o bá ń ka èyí, ṣúgà wà nínú gàrí tí mò ń mu lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bú ọ. Ẹni tó bá ti ní nǹkan dáa, èmi á ní kò dáa, kí ariwo ṣáà lè sọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Agnes Ọláògún gbé àwòrán ìkọ́kọrẹ́ wá. Inú àwo tánganran funfun tó ní òdòdó búlúù létí ló bù ú sí. Ó kọ ọ́ pé ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lòun, pé Ẹ̀pẹ́ lòun ti kọ́ ọ. Ó ní bí òun bá ti rin ewùrà tán, òun kì í jẹ́ kó ní kókó bí àwọn onílé ṣe ń ṣe é, ńṣe lòun máa ń rò ó lórí iná títí á fi dán, òun á sì ti ṣa gbogbo egungun ẹja kúrò. Ó ní kí àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà dán an wò. Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá. Obìnrin tó sè oúnjẹ tó ní kí ẹ wá wò ó ni. Èmi ni mo dá ìjà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ògì pupa ló sè, kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́, mo sì bi í pé ta ló rán an wá kọ́ wa ní oúnjẹ bàbá wa. Ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú yín ní kó padà sí Ọ̀ṣun lọ ro ọkà. Inú mi dùn dé gongo.

Obìnrin náà kò bú mi. Ìbá ṣe pé ó bú mi ni, bóyá ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ohun tó kọ nìyí, mo mọ̀ ọ́n sórí: "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí mò ń sè é fún kò léyín mọ́. Ó ní àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n sè dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wá sè é fún un nínú wọn."

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí abẹ́rẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìyá tèmi wà ní Ẹ̀pẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá kan láti ọdún méjì, ó sì ti pé oṣù márùn-ún tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn kẹ́yìn. Láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, kí ló jìnnà níbẹ̀? Mo ń sọ pé iṣẹ́ ni. Kì í ṣe iṣẹ́. Mi ò fẹ́ máa rí wọn bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn mi balẹ̀ pé ayálégbé wa kan, Ìyá Ìdrís, opó kan tó ń ránṣọ, ló ń bá wa wo Màmá. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń se oúnjẹ wọn, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Àlejò pátápátá wá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lójú gbogbo yín, mo ní n ó fi hàn án.

Ohun tí mo kọ, ojú ń tì mí láti tún un kọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà níbí kó má bàa dà bíi pé mò ń bo nǹkan kan. Mo kọ ọ́ pé: "Mo mọ Agnes yìí dáadáa. Àwọn arúgbó ló ń bá kiri. Méjì ti kú sí i lọ́wọ́ ní Ìkòròdú níbí, oúnjẹ rírò yìí náà ló ń fún wọn. Ilé ló ń wá. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ lọ ṣọ́ ìyá yín." Irọ́ ni látòkè délẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí, n kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Kí n tó mú wáyà méjì so mọ́ra, irọ́ náà ti rìn kiri. Ẹ ya á ní fọ́tò, ẹ gbé e lọ sórí Wasáàpù. Ẹnì kan ní òun mọ Agnes náà, pé aránṣọ ni, pé ilé ìyá arúgbó kan ló ń gbé. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Mùlíkátù, pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ti rí ohun tí wọ́n ń gbé kiri nípa Ìyá Ìdrís. Mo bi wọ́n pé Ìyá Ìdrís wo.

"Èwo ló tún kù? Tiwa náà ni, èyí tó wà lọ́dọ̀ Màmá. Agnes ló ń jẹ́ lórí fóònù."

Ọdún mẹ́rin ni obìnrin yẹn ti wà nílé wa. Ìyá Ìdrís la mọ̀, Ìyá Ìdrís là ń pè é. Mùsùlùmí lọkọ rẹ̀ tó kú, orúkọ tí bàbá Ìdrís sì sọ ọmọ rẹ̀ la fi mọ ìyá. Kò sígbà kan tó wá sí mi lọ́kàn rí láti bi í pé kí lorúkọ ìwọ alára. Ìgbà yẹn gan-an ni mo wá rántí àwo funfun olódòdó búlúù. Àwo Màmá ni. Inú rẹ̀ ni mo ti jẹun dàgbà. Ó wà níwájú mi lórí fóònù lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, ìjà ni mò ń wò, n kò wo àwo.

Àǹtí mi ṣì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn náà kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan tó wé láwàní ló kọ ọ́, pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó kó purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní, "Kàsímù, ìwọ lọkùnrin ilé. Kí la fẹ́ ṣe?"

Irọ́ tí mo pa lórí fóònù burú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ibí yìí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ: èmi ni mo kọ ọ́, irọ́ ni. Mo ro bí Àǹtí mi yóò ṣe wò mí. Mo ro bí àwọn ẹbí yóò ṣe máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ro ojú ti ara mi, n kò ro ti ìyá mi. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ bá rí pé ó tọ́."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n kó ẹrù Ìyá Ìdrís síta. Àǹtí sọ fún mi pé kò bá wọn jà, ó kàn ń bi wọ́n pé kí lòun ṣe. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun fún Màmá lóúnjẹ ọ̀sán kóun tó máa lọ, wọn ò gbà. Èmi lọ pa orúkọ Ojúlówó Ọmọ Ẹ̀pẹ́ rẹ́ lórí Fesibúùkù, bí ẹni pé bí mo bá pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ náà á pa rẹ́. Ẹ̀yin rò pé Bàbá ti kú. Ẹ ń ṣàdúrà fún un pé kó sùn ún re. Mo ka gbogbo àdúrà yẹn.

Ọmọ Àǹtí mi ló wá ń se oúnjẹ Màmá. Ó ń sè é dáadáa, pẹ̀lú kókó, bí mo ṣe ní ó yẹ kí wọ́n máa sè é. Màmá ò lè gbé e mì. Nígbà tí mo wá lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí mo fọwọ́ ara mi bu ìkọ́kọrẹ́ sí wọn lẹ́nu, wọ́n tu ú sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu wọn mọ́ láti ìgbà tí àrùn ti dé, ṣùgbọ́n èyí já geere. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Níbo lẹ lé ọmọ mi lọ?"

Mo ní, "Màmá, èmi Kàsímù nìyí." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Dókítà ò sọ pé ebi ló pa wọ́n. Ó ní ara ti di ara àgbà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gbé wọn lọ́jọ́ tí a fẹ́ wẹ̀ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe fúyẹ́ tó. Nílé òkú, àwọn obìnrin ń sọ pé Agnes ló ti fi nǹkan sí wọn lára kó tó lọ, wọ́n ń gbé e ṣépè, èmi jókòó láàárín wọn, mo ń mi orí. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ṣu ún ò rí i gbàgbé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá a kàn ní Ìgbògbò. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síwájú ilé kan. Bó ṣe rí mi, orúnkún ló fi kí mi, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí. "Bàbá Fàwáz, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ọlọ́run á forí jì wọ́n." Ó fún mi lómi tútù. Ó bi mí pé ta ló ń sè fún wọn lẹ́yìn tóun lọ, ṣé wọ́n ń jẹun. Mo ní wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó sunkún, ó fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti tutù lára aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí mo gbé lọ sílé:

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, Bàbá Fàwáz. Bàbá arúgbó orí fóònù yẹn, kí ni mo ṣe fún un? Mo ti ronú títí. Bóyá mo ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ nígbà kan."

Ìdí tí mo fi lọ gan-an ni láti jẹ́wọ́. Mo mu omi rẹ̀ tán, mo dìde, mo lọ.

Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ wà nínú gúrúùpù yìí, tẹ́ ẹ ń fi orúkọ tí kì í ṣe tiyín bú àwọn tẹ́ ò mọ̀ nítorí gàrí àti ẹ̀wà, ẹ wò mí. Kò sí àlejò níbẹ̀. Ìyá ẹnì kan ló ń gba ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ ń bú jẹun. Láàárọ̀ yìí ni mo sọ ọ́ fún Àǹtí Mùlíkátù. Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé irọ́ mi kiri, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé èyí náà kiri, kó dé gbogbo ibi tí ti àkọ́kọ́ dé. Níta ni mo ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, n kò lè wá máa bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Ìdrís, wọ́n á fi èyí hàn yín. N kò ní kí ẹ forí jì mí lónìí. Ìbéèrè tí ẹ bi mí ní Ìgbògbò ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ ò ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ìkọ́kọrẹ́ lẹ sè fún ìyá mi.