Ojú Ìbọn Bàbá Tí Kò Ríran Mọ́

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1988, mo ń wá irin sítóòfù lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta irin àlòkù ní Malu Road, nígbà tí obìnrin kan yọ ìbọn ọdẹ àtijọ́ jáde nínú àpò. Irin kékeré tí ọdẹ fi ń wo ẹran lókè ẹnu rẹ̀ ti bọ́ sọnù; ó ní ti bàbá òun tí kò ríran mọ́ ni, òun sì ń wá irin náà.

Ọkùnrin náà na ọ̀kan tó ń dán sí i. "Àǹtí, orijina rèé! Ìlú òyìnbó tààrà."

"Rárá o. Ẹ wo ibí." Gbogbo ẹnu ìbọn náà ti dípẹtà, àfi ojú kan tóóró tó ṣì dúdú. "Èyí tó jókòó síbí fi ojú ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Tiyín fẹ̀ jù ú lọ."

"Ṣebí ẹ ní bàbá yín ò ríran mọ́? Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Ọwọ́ wọn ń ríran, bọ̀dá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé ìbọn yìí lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ pa á."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó da agolo irin ara ìbọn kan sílẹ̀. "Ó yá, ẹ máa ṣà á. Ilẹ̀ á ṣú bá yín níbí."

"Kó ṣú."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń gbé wọn ka ojú ìdí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi mú ọ̀kan tí ìpẹtà ti bò.

"Àǹtí, èyí mà burẹ́wà o!"

"Bàbá ò ní wo ẹwà."

N kò lè sọ bóyá orijina ni. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé nígbà tó gbé e síbẹ̀, dúdú náà kò yọ síta níbì kankan mọ́.