Bí Wọ́n Ṣe Pín Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Olóyè

Ẹ jókòó. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ní Bìní yìí náà ni mo ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Èmi yìí náà ni. Ikùn yìí ò tíì yọ nígbà yẹn.

Ìyá mi, aṣọ ló ń tà ní Ọjà Ọba. Láti Ọ̀wọ̀ ló ti kó wa wá. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin gíga kan dúró níwájú ìsọ̀ ẹ̀, ó ṣí fìlà. Mo rò pé aṣọ ló fẹ́ rà. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ mi o."

Ó ní, "Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ kó máa gbá fún mi."

Ẹ gbọ́, Olóyè nìyẹn o. Gbogbo Bìní ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ekpen. Ekpen, ẹkùn nìyẹn lédè Bìní. Èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ wá ń bẹ obìnrin aláṣọ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ṣé ẹ ń rírú ẹ̀ lónìí? Lónìí, wọ́n á kàn pe ọmọ lórí fóònù ni.

Olóyè kì í bú wa. Tá a bá pàdánù, á wọlé wá bá wa, á ní, "Una don chop?" Bóyá a ti jẹun ló ń bi wá. Ó tán. Ojú á wá tì wá ju kó nà wá lọ. Tẹ́nì kan bá ń ṣàìsàn nínú wa, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé ọsàn lọ kí i. Ó máa ń sọ pé, "Ekpen yìí nilé mi. Inú ẹ̀ ni mò ń gbé."

Hmm… ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tó kú.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Nílẹ̀ Bìní, ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú, àkọ́bí ọkùnrin ló ni ín. Igiogbe ni wọ́n ń pè é. Nosa ni àkọ́bí Olóyè, ó gba ilé tó wà ní Ugbor, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Àmọ́ Nosa tún ní òun lòun ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó ní ṣebí bàbá àwọn fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ilé òun nìyẹn? Uyi, àbúrò ẹ̀, fò dìde. Ó ní bàbá lè gbé inú Ekpen o, ṣùgbọ́n kò kú síbẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí!

Àwọn àgbà ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n pe àwa agbábọ́ọ̀lù náà, a tò sára ògiri bí ewúrẹ́ ọjà. Àgbà kan wá rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní, "Níbo ni ilé wà lórí pápá? Ojú gólù ni. Ó lópòó, ó lẹ́nu ọ̀nà. Torí náà, gólí àtàwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, Nosa ló ni wọ́n. Àwọn tó ń lọ wá nǹkan bọ̀ níta, àwọn tó ń gbá iwájú, kí Uyi kó wọn."

Gbogbo ilé ní, "Ise!" Àmín nìyẹn o.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Torí àárín lèmi ń gbá.

Àgbà náà wò mí, ó họrí. Ó ní kí n máa gbá ìdajì eré fún Nosa, kí n gbá ìdajì tó kù fún Uyi. Itohan, ọmọbìnrin Olóyè, nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tí àwọn méjèèjì bá wá pàdé ara wọn ńkọ́?" Wọ́n ní kó dákẹ́.

Bí Ekpen ṣe di méjì nìyẹn. Nosa ò ní ẹni tó máa gbá iwájú, ó lọ kó àwọn onígbàjámọ̀ lọ́jà Santana. Uyi ò ní ẹni tó máa ṣọ́ ẹ̀yìn, ó kó àwọn mẹkáníìkì. Ekpen ti Nosa, kò sẹ́ni tó lè gbá gólù sáwọ̀n wọn, àwọn náà ò lè gbá a sáwọ̀n ẹnikẹ́ni. Òdo sí òdo, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrọ̀rí wá. Ekpen ti Uyi á gbá méje wọlé, wọ́n á sì gbá mẹ́sàn-án sí wọn. Èmi ńkọ́? Aṣọ pupa ti Nosa lókè, aṣọ àwọ̀ ewé ti Uyi lábẹ́. Bí ìdajì àkọ́kọ́ bá ti parí níbí, mo ti wà lórí ọ̀kadà, ó di pápá kejì.

Ohun tó dùn mí jù ni ti Sọ́ńdè, gólí wa, àti Àlàbá tó ń gbá iwájú. Yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé. Nosa ní kí Sọ́ńdè má bá ọ̀tá sùn mọ́. Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ? Wọ́n ta kọ́tínì sáàárín yàrá. Wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ sábẹ́ kọ́tínì náà, oníkálukú ń bù ú lápá ọ̀dọ̀ tiẹ̀.

Ohun tí Itohan sọ wá ṣẹ. Ekpen méjèèjì pàdé. Àwọn alága líìgì ní Ekpen méjì ti pọ̀ jù, ẹni tó bá pàdánù, ẹgbẹ́ ẹ̀ ti tú nìyẹn, káwọn ọmọ ẹ̀ máa lọ sílé wọn.

Kẹ́ ẹ wá wo bọ́ọ̀lù! Ìdajì pápá nìkan la lò. Àlàbá gbá a, Sọ́ńdè mú un. Àlàbá fẹsẹ̀ òsì tàn án, Sọ́ńdè ti dúró síbẹ̀ dè é. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn tẹ́ ẹ jọ ń jí, báwo lẹ ṣe máa tàn án? Lápá kejì, àwọn mẹkáníìkì ò ríṣẹ́ ṣe. Ọ̀kan ti wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹfirí, ó ń tún un ṣe.

A lọ sinmi. Ẹsẹ̀ gbogbo wa kàn gbé wa lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan náà, bó ṣe máa ń rí nígbà Olóyè. Sọ́ńdè wá ní, "Àlàbá, tí mo bá ń mú un, ìwọ lo máa lọ sílé. Tí mi ò bá mú un, èmi ni. Ta ló wá máa dáná?"

Àlàbá bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó di ọwọ́ Sọ́ńdè mú. Ni gbogbo àwa tá a jẹ́ ọmọ Olóyè tẹ́lẹ̀ bá dìde. Mo ti ń pààrọ̀ aṣọ lọ́wọ́, orí mi wà nínú àwọ̀ ewé, apá mi wà nínú pupa. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wọ pápá. A tò sápá kan. Àwọn onígbàjámọ̀ àtàwọn mẹkáníìkì wojú ara wọn, wọ́n tò sápá kejì.

Rẹfirí ní, "Ta ni ẹ̀yin?"

Sọ́ńdè ní, "Àwa ni Ekpen."

"Àwọn yẹn ńkọ́?"

"Ekpen làwọn náà."

Ó wò wá. Ó fọn fèrè. Ọkọ̀ ẹ̀ ti dára, ó fẹ́ máa lọ.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Wọ́n nà wá! Àwọn onígbàjámọ̀! Látìgbà tí wọ́n ti ń sáré láìsẹ́ni tó ń fún wọn ní bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ wọn ti di irin. Ayọ̀ ò jẹ́ káwa rí iwájú. Nígbà tí gólù wọlé, Nosa fò sókè: "Àwọn onígbàjámọ̀ mi!" Uyi náà fò sókè: "Àwọn mẹkáníìkì mi!" Wọ́n dì mọ́ra kí wọ́n tó rántí pé àwọn ń jà. Uyi fẹ́ jáwọ́, Nosa ò jẹ́. Nosa yẹn ò sunkún níbi ìsìnkú bàbá ẹ̀ o. Ibẹ̀ ló ti sunkún.

Ẹgbẹ́ wo ló wá pàdánù? Àwọn alága líìgì jiyàn, jiyàn, wọn ò rí i yanjú. Wọ́n dárí jì wá. Nosa àti Uyi kó Ekpen fún Itohan pé kó máa bójú tó o, torí òun nìkan ni kò bá wọn du ohunkóhun. Sọ́ńdè fi kọ́tínì yẹn rán ṣòkòtò. Àwọn onígbàjámọ̀ yẹn náà dúró tì wá, a ò wá ibi gẹ̀run sí mọ́.

Kí lo wí? "Grandpa, na lie"? Lọ bi Sọ́ńdè. Ó wà láàyè, etí ẹ̀ nìkan ló wúwo díẹ̀. Àlàbá ti lọ… Lónìí, ọmọ á gbá bọ́ọ̀lù fún olówó kan tí kò lè dá a mọ̀ lójú títì. Ta ló fẹ́ gbé ọsàn wá kí i tó bá ń ṣàìsàn?

Ẹ gbọ́, mo fẹ́ rán yín níṣẹ́ sílé, ẹ fi èdè tó bá yín lára sọ ọ́ o, mi ò bínú. Mo gbọ́ pé ìyá yín àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò kíra wọn mọ́ nítorí ilẹ̀ mi tó wà l'Ọ́wọ̀. Mi ò tíì kú o, wọ́n ti ń wọnlẹ̀. Ẹ ní mo ní kí gbogbo wọn wá jẹun níbí lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Gbogbo wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi téèpù ìwọnlẹ̀ sílé.