Fóònù Tó Dún Nínú Irà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń wo ẹyẹ, ẹ gbé ife kọfí yín kalẹ̀. Ẹ ní kí n wá dágbére fún yín nítorí dókítà ti ní n kò ní rí oṣù kẹrin tí àwọn àwòdì máa padà dé. Ìdágbére kọ́ ni mo bá wá. Ohun tó ti há sí mi láyà fún ọdún mọ́kànlá ni mo fẹ́ pọ̀ síta, kí n má baà gbé e wọ sàréè.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi Veikko Salmela ni mo gbé Tíṣà Ardis jáde nínú irà. Ìwé ìròyìn gbé e. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi nínú gbọ̀ngàn yìí. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé èmi náà ni mo rán an lọ síbẹ̀.

Tíṣà ló kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé. Nínú gbogbo irà àríwá ìpínlẹ̀ Minesótà yìí, kò sí òwìwí tí mo rí rí tí Tíṣà kò ti ya fọ́tò rẹ̀ ṣáájú mi. Mo ń bá a rẹ́rìn-ín, ìlara ń jẹ mí lábẹ́ aṣọ. Ní oṣù kìíní ọdún náà, mo rí òwìwí ńlá aláwọ̀ eérú kan lẹ́yìn oko Peltonen, irú èyí tó ń ti Kánádà wá lọ́dún tí oúnjẹ bá wọ́n lọ́hùn-ún. Mo ní èmi nìkan ni n óò ní in. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Tíṣà nílé kọfí.

"Tíṣà, ẹ ò tíì gbọ́! Mo rí àṣá funfun kan ní ìparí ojú irin àtijọ́ lánàá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Veikko, ṣé kì í ṣe òkìtì yìnyín lo rí tí o pè é ní ẹyẹ?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín. Bí ẹ ò bá lọ, ẹlòmíì á lọ."

"Ta ló ní mi ò lọ? Àṣá funfun tí mo ti ń wá láti ogún ọdún!" Ó ti ń wọ kóòtù kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Kò sí àṣá kankan níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé àwọn ibì kan wà nínú irà lẹ́bàá ojú irin yẹn tí omi kì í dì lábẹ́ yìnyín. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì mu kọfí mi tán.

Ní agogo méjì ọ̀sán, lẹ́yìn oko Peltonen, òwìwí náà bà sórí òpó ọgbà níwájú mi, ó ń tẹ́tí sí eku lábẹ́ yìnyín. Fóònù mi gbọ̀n. Mo rí orúkọ Tíṣà. N kò gbé e. Ó tún pè. N kò gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ohùn sílẹ̀, mo sì gbé e sétí: "Veikko, mo rì dé itan. Mo ti jáde, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ mi ti rin gbingbin, mi ò sì rí ọ̀nà mọ́. Ìwọ nìkan lo mọ ibi tí mo wà. Jọ̀ọ́, tètè."

Èyí tó burú jù nìyí. Mo gbọ́ ọ tán, mo ti fóònù bàpò, mo sì tún fojú sí kámẹ́rà. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹyẹ náà lára ni. Mo ní kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Ogójì ìṣẹ́jú ló di kó tó fò. Mo yà á, apá rẹ̀ nà tán, èékánná rẹ̀ wà níwájú. Kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, ọwọ́ rẹ̀ ti funfun bí àbẹ́là. Mo ní fóònù mi ò tètè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wàá wá, àbúrò mi." Òtútù ti pa ìka rẹ̀, mẹ́fà ni àwọn dókítà gé. Kò tẹ kámẹ́rà mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo pa ohùn yẹn rẹ́, kò parẹ́. Mo ti pààrọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí mo bá dúró sínú irà tí ibi gbogbo pa rọ́rọ́, mo ń gbọ́ ọ nínú àpò mi. Àwọn kan ní òwìwí ló ń mú ibi wá. Wọ́n parọ́ mọ́ ẹyẹ. Èmi ni.

Lánàá, mo lọ sílé rẹ̀, mo sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Fọ́tò òwìwí yẹn wà lára ògiri ibi tó ti ń jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí òun máa fi rántí ọjọ́ tí mo gba òun là. Ó wò ó títí. Kò bú mi, kò sunkún. Ó ní, "Sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ mi ò lè yọ ọ́ lórí ìṣó." Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn kí n jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn, bí ẹnìkan bá pè yín, ẹ dá a lóhùn. Kò sí ẹyẹ tí kò ní fò lọ. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin tí mo gba ìyìn yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti Tíṣà, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń múra láti lọ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ má lọ. Ẹ jẹ́ kó bínú sí mi tẹ́rùn.