Iyọ̀ Lórí Ekòló

Iyọ̀! Iyọ̀ ni mo wí, Bùọ̀dá Ahmed, iyọ̀ àti omi gbígbóná, ẹ má wò mí báyẹn, orí mi pé, mi ò ní jókòó, ẹ fi àga yẹn sílẹ̀, bí mo bá jókòó màá sunkún, mi ò sì wakọ̀ láti ilé wa ní McKenzie Towne wá sọ́dọ̀ yín ní Cochrane kí n wá máa sunkún sínú tíì yín. Ìyá yín ni. Ìyá tó bí yín, tó bí Bilqis ìyàwó mi, ìyá tí èmi fúnra mi lọ pàdé ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tuntun kí òtútù Kánádà má baà mú wọn, àwọn ni wọ́n da iyọ̀ àti omi gbígbóná lé gbogbo ekòló mi lórí láàárọ̀ yìí. Gbogbo ẹ̀. Kò ku ẹyọ kan.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in lọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìjẹ ẹja, ẹ̀yin kọ́ làwọn òyìnbó apẹja máa tò sẹ́nu ọ̀nà yín lọ́la tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ ekòló. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé May long weekend yìí, ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́ta yìí, ni ọdún wa, àwa tó ń ta ìjẹ. Snow ti yọ́, yìnyín orí adágún odò ti là, gbogbo ẹni tó ní ìwọ̀ nílé ló ń múra àtilọ sódò. Mo ti sọ ọ́ fún Bilqis, mo ní bí long weekend yìí bá fi lè lọ láìtà, mo máa kó kọ́kọ́rọ́ fún onílé, ó parí. Ohun tí mo wí nìyẹn. Mo wá kó ọjà long weekend sílé, wọ́n fi iyọ̀ sè é fún mi.

Ta ni kí n bínú sí? Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé èmi ni mo ní kí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀? Nígbà tí wọ́n ní kí àwa ẹnjiníà máa lọ sílé lọ́jọ́sí ní downtown, tí wọ́n fún kálukú ní páálí kan kó kó ẹrù rẹ̀ sí, ṣé mo bá ẹnikẹ́ni jà? Mo gbé páálí mi, mo wọ train, mo lọ sílé. Mo wáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Ìgbà tí bàbá òyìnbó tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ẹni tí kò níṣẹ́ á ṣáà máa pẹja. Àbí ó burú? Wọ́n pẹja lóòótọ́! Fún sáà kan. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú omi wọn, wọ́n ta truck, wọ́n kó ìyàwó àtọmọ, wọ́n padà sí Newfoundland tí wọ́n ti wá. Àwọn oníbàárà mi tó dáa jù nìyẹn o, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wọlé báyìí, wọn kì í bi mí léèlò.

Àwọn tó kù ńkọ́? Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù gàgàrà yẹn lẹ́bàá títì Deerfoot, èyí tí ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n á wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n á bi mí pé kí ni ẹja ń jẹ lọ́sẹ̀ yìí, níbo ló ti ń jẹun, wọ́n á fọwọ́ pa ìwọ̀ mi wò, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọ́n á lọ rà á lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ jáde nílé, orí fóònù ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ sì ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí ibi tí wọ́n ti ń ra epo yẹn, àbí ẹ ò tíì rí i? Ẹ fi káàdì kàn án, ekòló á já bọ́ sísàlẹ̀ bí ìgbà téèyàn ra Coke. Ẹ̀rọ ń ta ekòló, ẹ̀gbọ́n! Ìjọba náà dé, wọ́n ní odò tibí, ẹ má fi ìjẹ pẹja níbẹ̀, odò tọ̀hún, ẹ má fi ìjẹ pẹja níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìjẹ méjì mìíràn wà lápá ọ̀dọ̀ wa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ti di ibi tí wọ́n ti ń ta sìgá oníná. Ìkejì, pákó ni wọ́n kàn mọ́ fèrèsé rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí tèmi ṣì wà ní ṣíṣí? Ènì. Ènì lásán, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é. Bí òyìnbó bá ra ekòló dọ́sìn kan, màá ka dọ́sìn, màá wá bu díẹ̀ lé e. Bàbá kan tó ń jẹ́ Walter kọ́kọ́ dá a padà fún mi, ó ní mo kà á ṣì. Èmi, ẹnjiníà! Mo ní rárá o, bàbá, ènì ni, ẹ̀bùn ni. Láti ọjọ́ yẹn, kò ní kí mi tán kó tó máa pariwo pé, "Àmúsà, where's my ènì?" Ó ti kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Ọ̀la ló ní òun ń kó gbogbo wọn bọ̀. Kí ni màá sọ fún Walter?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé kí ló gbé ekòló dé inú ilé. Fíríìjì ṣọ́ọ̀bù ló kú, ẹ̀gbọ́n, ìjẹta ló kú, ekòló kì í sì í fẹ́ ooru rárá, ẹni tó máa tún fíríìjì ṣe ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo wá kó wọn lọ sínú fíríìjì basement wa. Páálí wọn ò gbà níbẹ̀, mo bá pín wọn sínú abọ́ ice cream. Bẹ́ẹ̀ ni, abọ́ ice cream. Ẹ má bú mi. Nílé Yorùbá wo ni ice cream ti ń wà nínú abọ́ ice cream? Mo tò wọ́n sí ìsàlẹ̀, ata àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lókè, mo dé wọn dáadáa. Bilqis mọ̀. Èmi mọ̀. Màámi nìkan ni kò mọ̀, kí ló sì dé tí Màámi ò mọ̀?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Bilqis ló ní Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó ní ìyá òun yan ẹja tà l'Ẹ̀pẹ́ títí èéfín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wọn lójú, kí òun lè kàwé di nọ́ọ̀sì, kí òun sì fẹ́ ọkọ tó ń wọ kóòtù, báwo lòun ṣe máa wá sọ fún wọn pé oúnjẹ ẹja lọkọ òun ń tà ní Kánádà. Bàbá yín, kí Ọlọ́run fi alijánnà kẹ́ wọn, ṣebí àwọ̀n ni wọ́n ń dà lójú ọ̀sà? Ṣebí owó ẹja ló kọ́ ilé yín? Kí ló wá burú nínú tèmi?

Ṣùgbọ́n mo gbà. Mo gbà, nítorí àlàáfíà. Láti ìgbà tí Màámi ti dé, ojoojúmọ́ ni mò ń wọ kóòtù, mò ń so táì mọ́rùn, mò ń kí wọn pé ó dàbọ̀ mà, mò ń ṣe bí ẹni tó ń lọ sí downtown, màá wá lọ bọ́ táì nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, màá ki ọwọ́ bọnú ekòló. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọ́fíìsì mi. Mo mú wọn lọ. Mo mú ìyá yín rìn nínú Plus 15, àwọn afárá onígíláàsì tó so ilé gíga pọ̀ ní downtown yẹn, títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wọ́n, mo na ìka sí fèrèsé kan lókè lọ́hùn-ún, mo ní Màámi, ibẹ̀ yẹn ni. Wọ́n tẹ́wọ́ àdúrà sí fèrèsé onífèrèsé, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ṣe é pẹ́, wọ́n pe orúkọ mi sí i.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ata. Wọ́n ṣí abọ́ kan, wọ́n rí ekòló nínú ilẹ̀ dúdú, tó ń yí. Wọ́n ṣí ìkejì, ekòló. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, lójú wọn, nínú fíríìjì tí oúnjẹ wà. Wọ́n ní "Aúsùbílàhì!", wọ́n gbé kẹ́tù kaná, wọ́n gbé iyọ̀ wa sọ̀ kalẹ̀ látòkè. Ìgbà tí wọ́n parí ni wọ́n tó pè mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Wọ́n ní, "Àmúsà, ọkọ mi, wá wo ohun tí ayé kó pamọ́ sílé rẹ, tó ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ run. Ọlọ́run ti bá wa ṣẹ́gun wọn."

Kí lẹ rò pé mo ṣe? Àna mi ni wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì basement, mo ní, "Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ̀mí yín á gùn." Mo dúpẹ́! Wọ́n pa ọjà mi tán, mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, mo tún ṣe àmín sí àdúrà wọn, omi iyọ̀ ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ àyà mi. Nígbà tí mo dìde, mo wo Bilqis lójú lórí àtẹ̀gùn, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo wọ ọkọ̀, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Nítorí ẹ̀yin náà lọ́wọ́ sí irọ́ yìí, Bùọ̀dá Ahmed. Ẹ má wolẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ká fi Màámi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n máa tó padà sílé. Nítorí náà ẹ dìde, ẹ wọ bàtà, ẹ̀yin ni àkọ́bí wọn, ẹ jẹ́ ká lọ, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé ekòló ni Àmúsà ń tà, pé kò sí ayé kankan nínú abọ́ yẹn, ọjà ni. Mi ò so táì mọ́ láéláé.

Ẹ dúró ná. Bilqis ló ń pè. Mi ò gbé e. Mo ní mi ò... ó dáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí speaker, kí gbogbo wa gbọ́.

Hẹ́lò, Bilqis, mo wà lọ́dọ̀ bùọ̀dá ẹ. Mò ń gbọ́. O ṣe kí ni? O ti sọ fún wọn? Gbogbo ẹ̀? Títí kan fèrèsé yẹn? Hẹ̀n, kí wá ni wọ́n sọ? Wọ́n kàn wọ jákẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n mú ṣíbí ìsebẹ̀, wọ́n bọ́ sí backyard. Lọ ṣe kí ni? Bilqis, má sunkún, sọ̀rọ̀ kó yé mi. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí àbúrò yín ń wí? Ó ní Màámi wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì, níbi tí òjò àná ti mú kí ilẹ̀ rọ̀, wọ́n ń hú ekòló, wọ́n ń kó o sínú abọ́ ice cream.

Gbé fóònù fún wọn. Màámi, ẹ kú iṣẹ́ mà. Rárá mà, mi ò bínú. Ẹ dìde nílẹ̀, òtútù á mú yín. Títóbi ni wọ́n fẹ́ mà, èyí tó gùn. Bẹ́ẹ̀ ni mà, òyìnbó ló ń rà á. Ẹ gbọ́, Bùọ̀dá Ahmed, wọ́n ní ta ló sọ fún Bilqis pé àwọn ń tijú ẹja. Wọ́n tún ní ṣé mo máa ń fi ènì sí i, pé bí mi ò bá fi ènì sí i, kò lè tà.

Mò ń fi sí i, Màámi! Háà, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ bu tíì yẹn fún mi mọ́. Backyard yín fẹ̀ ju tèmi lọ. Níbo ni ṣọ́bìrì yín wà?