Ta Ni "Ó" Inú Ewì Ọmọ Mi?

Orin kan wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi, orin náà sì ni gbogbo Peckham, àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ń kọ. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Rye Lane, ó ti ń dún jáde láti ṣọ́ọ̀bù onídìrí àkọ́kọ́. Tí mo bá sá wọ ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ẹja gbígbẹ, ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ti fi í sórí fóònù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì ilé-ìwé, ọmọ Jàmáíkà tí kò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan, ń fi ìdí jó sí i níwájú ẹ̀rọ tí a fi ń fọ abọ́: "Mo rí ẹnìkejì mi, mo rí ẹnìkejì." Mo ní kó pa á. Ó ní, ṣé kì í ṣe ohùn ọmọ mi nìyẹn ni? Ohùn ọmọ mi ni. Èmi gan-an ni mo fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Oṣù keje rèé tí ọmọ náà ti kúrò nílé mi, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì dá ìjà náà sílẹ̀. Ẹ má rò pé lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni mò ń wí o. "Ó" ni. "Ó" tí èmi àti ẹ̀yin ń sọ láàárọ̀ lálẹ́ láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà Yorùbá ni mí. Kí n tó dé ìlú yìí, ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó béèrè àmì ohùn lọ́wọ́ mi. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sí kíṣìnì ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí nígbà kan rí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní a, b, d. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Bàbá rẹ̀ padà sí Èkó nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì wẹ̀yìn wò, àwa méjì la wá jọ ń gbé inú fúláàtì kánsù wa. Morẹ́nikéjì ni mo sọ ọ́, nítorí pé nígbà tí mo lóyún rẹ̀, mi ò mọ ẹnikẹ́ni nílùú yìí yàtọ̀ sí ọkọ tí kì í gbélé, mo sì sọ fún ara mi pé ẹnìkejì mi ti ń bọ̀.

Ìgbà tó wà ní yunifásítì ní New Cross ló kó wọnú ewì. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kóra jọ sí yàrá òkè ilé ọtí kan, wọ́n á máa ka ewì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn tó ń gbọ́ á máa ta ìka dípò kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ń retí ewì nípa ikú àti ìwà rere, irú èyí tí a fi ń dá ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Rárá o! Ọmọkùnrin kan tó kun èékánná ka tiẹ̀ sí olórin obìnrin kan tí ó ní fídíò rẹ̀ ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń rìn. Ọmọbìnrin kan tó fá orí kodoro ka tiẹ̀ sí àwọn obìnrin tó ń ja ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tèmi ka ewì nípa òṣèré kan nínú àwọn fíìmù Yorùbá tí a jọ máa ń wò lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, bí òun ṣe máa ń dá fíìmù náà padà lẹ́ẹ̀mẹwàá síbi tí obìnrin náà ti ń tú gèlè. Gbogbo yàrá náà hó yèè, èmi náà hó. Mo rò pé gèlè ló wù ú. Mo rí àwọn ọmọbìnrin tó di ara wọn lọ́wọ́ mú níbẹ̀, mo sì sọ nínú ara mi pé ọmọ ẹlòmíràn nìyẹn, kí Ọlọ́run bá ìyá wọn ṣe é.

Ọ̀rẹ́ kan wà tó máa ń wá sílé wa lákòókò yẹn, Abena ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Gánà, nọ́ọ̀sì ni. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Àwọn òyìnbó ní yunifásítì ń pe ọmọ mi ní "Mo", àwọn mìíràn ń pè é ní "Keji" bíi pé kò ní orí àti ìrù, ṣùgbọ́n Abena ní òun ò ní pe àbọ̀ orúkọ. Ó ní kí n kọ́ òun. Mo fi re, mi, re, mi, do kọ́ ọ nídìí síńkì bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ Sátidé, kò sì tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń pe Morẹ́nikéjì bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú. Orí mi wú. Mo máa ń bu oúnjẹ tiẹ̀ pamọ́ tó bá wà ní shift.

Ó di ọjọ́ kan, Morẹ́nikéjì gbé bébà kan wá bá mi. Ó ti kọ ewì ní Yorùbá, ó fẹ́ kí n bá òun tún un ṣe. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí ohùn rẹ̀ ń lọ tààrà bí ojú irin, ló ń bi mí bóyá "ọkọ̀" ni tàbí "ọkọ́". Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi jókòó ti ewì yẹn nídìí tábìlì kíṣìnì. Ewì ìfẹ́ ni, ó sì dára. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, "Ẹnì kan." Mo ní kí ló ń ṣe? Ó ní ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Mo pariwo pé dókítà! Mo ní ṣé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ní ó ń lọ. Ṣé ó ní sùúrù? Ó ní sùúrù ju òun lọ. Gbogbo ìgbà tí mò ń béèrè yìí, Abena wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀bà mi, ó ń wo inú abọ́. Mo tiẹ̀ yíjú sí i pé kó bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó mú dókítà náà wá kí n rí i. Abena ní, "Yes, Mummy." Ẹ wo irú ìyà tí mo fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó ka ewì náà, ẹnì kan gbé fídíò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olórin ọmọkùnrin kan gbọ́ ọ, ó tọrọ ohùn rẹ̀, ó fi ìlù sí i, ọ̀rọ̀ náà sì di orin ayé. Àwọn ọmọdé ń jó o lórí fóònù. Àwọn ìyàwó ń fi í wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mummy Délé, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, fi orin náà mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé, wọ́n sì ní kí n dìde kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n sọ mí ní Mummy Akéwì. Mo dìde, mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún, mo juwọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù ìwé kan lẹ́yìn Rye Lane pe Morẹ́nikéjì kó wá ka ewì lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó ní òun fẹ́ ka Yorùbá, kí èmi máa ka Òyìnbó tẹ̀lé e, ìlà kan sí ìlà kan, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Mo ti pe gbogbo obìnrin ìjọ kí n tó jókòó sídìí ìtumọ̀ náà. Ẹ mọ̀ pé Òyìnbó ò ní "ó". Ọkùnrin lo ń wí ni, àbí obìnrin? Wọn ò ní jẹ́ kí o lọ láì dáhùn. Mo kọ "he" ní ìgbà mọ́kànlá, mo sì gbé e fún un. Lọ́jọ́ kejì, mo bá bébà náà lábẹ́ ife tíì mi. Ó ti fi bírò pupa, bírò tí mo fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ Sátidé, fa ìlà sórí "he" mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó kọ "she" sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo jókòó ti bébà yẹn títí tíì fi tutù. Gbogbo ìbéèrè mi padà wá bá mi, pẹ̀lú gbogbo ìdáhùn rẹ̀, mi ò sì rí ẹyọ irọ́ kan nínú wọn. Aláìsàn ló ń tọ́jú lóòótọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọkùnrin, tí mo tún sọ ọ́ di dókítà. Nígbà tí ọmọ mi dé, tó ń wo ojú mi, mo ní, "Mo ti rí i." Ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ. Ó dì mọ́ mi, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ó rò pé mo ti gbà. Mo mọ̀ pé ohun tó rò nìyẹn, mo sì dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà, ohun tí mo wá jẹ́wọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Sátidé ewì náà pé, Mummy Délé jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀bù ìwé náà pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Abena ti bá ẹnì kan pààrọ̀ shift, àga méjì ló wà láàárín wọn. Àwọn ọ̀dọ́ akéwì kún ẹ̀yìn. Morẹ́nikéjì ka ìlà àkọ́kọ́, mo wo bébà tó kún fún bírò pupa yẹn, mo wo fìlà Mummy Délé, mo la ẹnu, "he" ló jáde. Ọmọ mi wò mí. Ó ka ìlà kejì, mo tún sọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹrin, Abena ti dorí kodò, kò sì sẹ́ni tó ta ìka mọ́. Mummy Délé nìkan ló ń mi orí bí ẹni tí ewì ń dùn mọ́. A dé ìlà tó sọ pé, "Ó ń pè mí bí ìyá mi ṣe ń pè mí." Mo kà á ní Òyìnbó, ó di ọkùnrin. Morẹ́nikéjì rọra sọ pé, "Mummy, ẹ ṣì í kà." Mo fi ohùn tíṣà dá a lóhùn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, "Mi ò ṣì í." A ka yòókù parí.

Kò pariwo nílé. Ó ń di ẹrù rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò rí nǹkan kan sọ ju pé kí ni kí n wá wí fún àwọn ará ìjọ. Ó ní, "Mummy, everybody ló ń kọ orin yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ gbogbo word tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan." Ó gbé báàgì, ó lọ sọ́dọ̀ Abena ní Brixton. Láti ọjọ́ yẹn, Òyìnbó ló fi ń ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá mi wá àmì ohùn! "We're fine, Mum." "She passed her exam." Kì í dárúkọ. "She" ni ṣáá, bíi bírò pupa.

Ó ti sú mi. Mummy Délé ń bi mí nígbà wo la máa jẹ ìrẹsì ìyàwó, orin náà ló sì tún máa ń kọ tó bá pè mí lórí fóònù. Ìfẹ́ kan náà tí wọ́n ń jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa tilẹ̀kùn mọ́ tí wọ́n bá mọ ẹni tó ni ín, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ tilẹ̀kùn. Inú ń bí mi sí wọn. Inú ń bí mi sí ọmọ mi náà: ṣé kò lè pè mí jókòó kó sọ ọ́ tààrà ni, àfi kó fi gírámà dán mi wò? Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n ju Bíbélì mi nù, mi ò ní jù ú. Mo ń kà á láràárọ̀ nínú fúláàtì tí kò sí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹsẹ tó ní kí n parọ́ fún ọmọ mi lójú Abena.

Wọ́n fẹ́ tẹ àwọn ewì rẹ̀ jáde ní ìwé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí mi, Yorùbá lápá kan, Òyìnbó lápá kejì, "she" mọ́kànlá, ó sì bi mí bóyá kí wọ́n kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ pé èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n ń retí ìdáhùn. Tí mo bá gbà, mo mọ̀ pé yàrá Sátidé yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí mi ò bá gbà, kí ló kù tí mo fi jẹ́ ìyá rẹ̀? Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ni mo bá tẹ ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Àìkú: "Ṣé ó wà dáadáa?" Abena ni mò ń béèrè. Èsì dé kíákíá, Yorùbá ni, àkọ́kọ́ láti oṣù méje. Ó ní: "Ta ni?"

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní èdè yín nílùú òyìnbó, ẹ kọ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi èdè náà bá yín sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ẹ má gbọ́ ohun tó wù yín. Kí ẹ sì gba èmi náà níyànjú, ẹ jọ̀ọ́, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Mo ti tẹ "Abena", mo ti pa á rẹ́, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè tó rọrùn jù lọ nínú Yorùbá, irú èyí tí àwọn ọmọ Sátidé máa ń dáhùn láì ronú, ọjọ́ kẹrin sì rèé tí tíṣà ò tíì dáhùn.